Òkè Ti Dé Fìlà: Àkọsílẹ̀ Ìrìn Ọjọ́ Kan sí Ìdí Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Omi ní Ilẹ̀ Ìjùmú

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ kíkó èèyàn lọ sórí òkè, ká sì kó wọn padà sílé, ni mo kọ èyí fún. Oṣù Kẹsàn-án ni, ọjọ́ Sátidé, lórí àwọn òkè ilẹ̀ Ìjùmú, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí. Mi ò ní dárúkọ ìlú tí a ti gbéra, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó bá wa lọ. Kò sẹ́ni tó kú. Ẹnì kan fi ẹsẹ̀ rọ́, èèyàn 15 sì há sí òdìkejì omi fún wákàtí 3 ó lé nígbà tí ọjọ́ ń lọ. Èmi ni mo ṣáájú ìrìn náà. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀, tèmi ló pọ̀ jù, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, inú ni kálukú ń gbé e sí.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Kogí, dáadáa mọ̀ pé àwọn òkè wa kì í ṣe òkè erùpẹ̀. Àpáta ni wọ́n, àpáta ràbàtà tó yọrí jáde láàárín ọ̀dàn, tí orí rẹ̀ pá. Inú kòtò tó wà láàárín wọn nìkan ni igbó ti ń ṣú dùdù. Níbẹ̀ ni ìrókò àti àràbà ṣì kù sí, tí ìtàkùn lọ́ mọ́ wọn lára, tí ilẹ̀ ń tutù títí oòrùn á fi kan àtàrí. Orí irú òkè bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa sá sí nígbà tí ogun Núpé ń kó wọn lẹ́rú, kó tó di pé agbára Bídà, olú-ìlú Núpé, wó lọ́dún 1897. Apá kan nínú ọ̀nà tí a gbà lọ́jọ́ náà, ọ̀nà ahoro ni. Mo ń sọ èyí nítorí pé ibi tí a padà forí pamọ́ sí, ibẹ̀ làwọn náà ti forí pamọ́ sí kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ohun tí ẹni tó ń kó èèyàn rìn nílẹ̀ wa gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn ni pé àpáta kì í mu omi. Erùpẹ̀ ọ̀dàn á kọ́kọ́ mu òjò yó díẹ̀ kó tó jẹ́ kó ṣàn. Àpáta kì í mu ún rárá. Òjò tó bá fi ìdajì wákàtí rọ̀ sórí àpáta, gbogbo rẹ̀ ló máa sáré wọ inú kòtò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí odò tí ọmọdé gbé ẹsẹ̀ kọjá lówùúrọ̀ fi lè gbé màlúù lọ lọ́sàn-án, láìsí pé ẹ̀kán òjò kan bọ́ síbi tó o dúró sí. Ìdí kan náà ló ń mú kí omi rẹ̀ tètè fà. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó lọ. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n ò dá mi dúró.

Àwọn tó wá jẹ́ 12. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n kóra jọ láti Kàbà àti Lọ́kọ́jà. Ẹni tó kéré jù jẹ́ ẹni ọdún 22, ẹni tó dàgbà jù jẹ́ ìyá kan tó ti lé ní 50, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Èmi àti igbákejì mi wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọdẹ kan tó ti lé ní 60, ọmọ ìlú náà, ẹni tí baálẹ̀ fúnra rẹ̀ yàn fún wa. Lásìkò tí ìjínigbé ń da àgbègbè wa láàmú yìí, mi ò rí ẹni tó lórí pípé tó máa wọ igbó láìmú ọdẹ tàbí fijilanté ìlú dání. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú la ti lọ kí baálẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, mo tún sọ fún un pé ago 4 ìrọ̀lẹ́ ni kó máa retí wa. Gbólóhùn kan péré yẹn wà lára ohun tó kó wa yọ.

Ọ̀nà náà tó kìlómítà 6 ní àlọ, ó sì gùn sókè tó mítà 350. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn agunkè ti ń lò láti ọdún 1892, William Naismith ará Scotland ló gbé e kalẹ̀: ka wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí o tún ka wákàtí kan sí i fún mítà 600 tí o bá gùn sókè. Bí a bá fi ìyẹn ṣírò, kò ní gbà wá tó wákàtí 2. Ṣùgbọ́n òkè tó gbalẹ̀ ni Naismith ní lọ́kàn. Nínú ìgbẹ́ tó dí, pẹ̀lú èèyàn tí kò gun òkè rí, mo máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nítorí náà mo ka wákàtí 3 àti ààbọ̀. Ètò wa ni pé ká gbéra ní ago 7 ààbọ̀ àárọ̀, ká dé ìdí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi ní ago 11, ká sì kọjú sílé ní ago 12 ààbọ̀, ibi yòówù tí a bá wà. Mo fi bírò kọ 12:30 sí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì mi, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ago 9 kọjá kí bọ́ọ̀sì tó dé láti Kàbà. Táyà ló jò lọ́nà. Ago 9 kọjá ìṣẹ́jú 40 la tó wọ ọ̀nà oko.

Níbẹ̀ ni àṣìṣe kìíní ti wọlé, kò sì jọ àṣìṣe lójú mi nígbà náà. Wákàtí 2 ó lé ti lọ nínú ọjọ́, mi ò sì yí nǹkan kan padà nínú ètò. Ìdí bọ́ọ̀sì ló yẹ kí n ti sọ fún wọn pé a ò ní lè dé ìdí omi lónìí, ahoro la ó dé, a ó jẹun níbẹ̀, a ó sì padà. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi, mo sì gbé e mì. Wọ́n ti sanwó. Àwọn kan ti ra bàtà tuntun. Ọ̀kan nínú wọn gbé kámẹ́rà ńlá kọ́ ọrùn, ó ń bi mí léèrè bóyá òṣùmàrè máa ń hàn nídìí omi náà. Mo wò wọ́n, mo ní ká máa yá ẹsẹ̀.

Oko káṣú la kọ́kọ́ là kọjá, lẹ́yìn náà oko iṣu, kí a tó wọ abẹ́ igi. Gígun náà kò burú. Àwọn ìjàlọ ló dá wa dúró níbì kan, wọ́n tò kọjá lójú ọ̀nà bí okùn dúdú, Bàbá ọdẹ sì ní ká fò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìfọhùn. A sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó di ago 12 kọjá ìṣẹ́jú 25, a dé etí odò kan ṣoṣo tí a gbọ́dọ̀ là kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí odò náà ṣe rí lásìkò yẹn. Ó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ 7. Omi rẹ̀ kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ó mọ́ gaara, a ń rí òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀ àti ewé ìrókò kan tó há sáàárín òkúta méjì, tó ń mi díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn tẹ̀ ba, wọ́n ń bu omi bọ́jú. Bàbá ọdẹ ò bu omi. Orí òkúta ló dúró sí, ó gbójú sókè sí apá ìlà-oòrùn, níbi tí èèyàn ti lè rí orí àpáta láàárín ewé.

“Òkè ti dé fìlà,” ó wí.

Kò gbóhùn sókè. Mo gbójú sókè, mo rí ìkùukùu tó jókòó sórí àpáta náà, ó funfun lókè, ó dúdú nídìí. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ó mà dára o.” Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, ọmọ mi.” Ló bá wọ inú omi, ó kọjá.

Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, apá ìlà-oòrùn ni òjò ńlá sábà máa ń gbà wọlé sí wa, orí àwọn àpáta yẹn ló sì kọ́kọ́ ń gúnlẹ̀ sí. Bàbá ti fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ gbogbo rẹ̀ fún mi: òjò ń bọ̀, orí òkè ló máa kọ́kọ́ rọ̀ sí, odò tí a dúró tì yìí ló sì máa gbà á. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ó sọ ààbọ̀ náà fún mi, ó sì dúró kó di odindi nínú mi. Àmọ́ ojú àwòrán ni mo fi gbọ́ ọ. Nígbà tí mo padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi pàṣẹ fún mi ká padà. Ó ní, “Ìwọ lo ni àlejò.”

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Mo mú àgbà tó mọ igbó náà ju bí mo ṣe mọ yàrá mi lọ, mo fún un lówó iṣẹ́ rẹ̀, mo pè é ní Bàbá, mo sì fi í ṣe ẹni tó kàn ń fi ọ̀nà hàn. Mi ò fún un láṣẹ. Àgbà ilẹ̀ wa ò sì ní gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò fún un, pàápàá lójú àlejò.

Mo wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Òógùn ti ń pa bírò náà rẹ́, ẹsẹ̀ 3 nìkan ló ṣì hàn dáadáa. A ti ń gbọ́ ariwo omi láti ibi tí a wà, kò ju kìlómítà kan lọ mọ́. Mo kéde pé a sún ìpadà sí ago 1 ààbọ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

A débẹ̀ ní ago 1 kọjá ìṣẹ́jú 5. Mi ò ní purọ́, ibẹ̀ dára débi pé èèyàn lè gbàgbé ohun tó mọ̀. Láti orí àpáta tó ga tó ọ̀pẹ méjì lórí ara wọn ni omi náà ti ń já, ó pín sí mẹ́ta lágbedeméjì, ó tún pàdé nísàlẹ̀ nínú adágún dúdú kan. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù. Omi wínníwínní ń bọ́ sójú wa láti ọ̀ọ́kán. Òṣùmàrè tí arákùnrin oníkámẹ́rà béèrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, kékeré, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ àpáta. Màmá bọ́ bàtà rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, ó di ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìjọ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ago 1 ààbọ̀ kọjá. Mi ò pè wọ́n.

Ní ago 1 kọjá ìṣẹ́jú 38, Bàbá ọdẹ súfèé lẹ́ẹ̀kan, ó sì nawọ́ sí omi. Àwọ̀ rẹ̀ ti ń yí padà. Omi tó mọ́ lẹ́ẹ̀kan ti dà bí tíì tí a fi mílíìkì díẹ̀ sí. Ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ ń bá a bọ̀ látòkè. Ohùn rẹ̀ náà ti yí: ohun tó ń ṣe ṣàà tẹ́lẹ̀ ti ń dún nísàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń yí àgbá. Ojú ọ̀run tó wà lórí wa gan-an ṣì funfun. Òjò kankan ò rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta yìí, àwọ̀ tó yí, pàǹtí tó ń bọ̀, ohùn tó wúwo, ẹ má ṣe kó ẹrù. Ẹ kó èèyàn. Mo pariwo, wọ́n sáré jáde, orí àpáta tó ti hu ewédò ni wọ́n sì gbà jáde. Ẹsẹ̀ Màmá yọ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yí sínú, ó sì wú lójú wa. A gbé e kúrò létí omi, igbákejì mi fi báńdéèjì dì í láti ìka dé òkè ọrùn ẹsẹ̀, a dá bàtà rẹ̀ padà sí i lẹ́sẹ̀, a sì so okùn rẹ̀ le kí wíwú náà má pọ̀ sí i lójú ọ̀nà. Ó gba ìṣẹ́jú 12. Nígbà tí a fi máa tún dé etí odò, ago 2 ààbọ̀ ti lù, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí wa lórí.

Odò ìṣísẹ̀ 7 ti di 12. Ibi tí omi rẹ̀ dé lára igi kan tí mo rí létí rẹ̀ nígbà tí à ń lọ fi hàn mí pé á kan èmi tí mo ga ní itan. Ó pọ́n bí epo àdín tó jóná, àárín rẹ̀ ń gùn sókè. Mo ju igi gbígbẹ kan sínú rẹ̀, igbákejì mi dúró ní ìṣísẹ̀ 10 sísàlẹ̀, ó ń kà. Kí ó tó ka 4, igi náà ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Eré tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ sá nìyẹn. Omi tó ń sáré báyìí kò nílò kó jìn kó tó gbé àgbàlagbà, torí bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ẹsẹ̀ ẹni á di ìlọ́po mẹ́rin.

Okùn wà nínú àpò mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, alágbára, tó mọ ìwẹ̀ dáadáa, ní ká so orí kan mọ́ igi, kí òun so orí kejì mọ́ ìbàdí, kí òun là á kọjá, kí àwọn yòókù wá di okùn náà mú. Ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n. Èèyàn mẹ́rin ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Ẹ̀rù tí kò sẹ́ni tó fẹ́ pè lórúkọ wà láàárín wa, ẹ̀rù òru nínú igbó àti ẹ̀rù àwọn tó lè wà nínú òru náà. Arábìnrin kan ti ń sunkún, ọmọ oṣù mẹ́jọ ló fi sílẹ̀ sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ojo kọ́ ni àwọn èèyàn wọ̀nyí. Wọ́n fẹ́ délé ni. Mo ti tú àpò mi, ọwọ́ mi ti kan okùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí okùn yìí, torí mo ti rí àwọn tó ń fi í ṣe ohun tó lè pa èèyàn. Ẹni tí a bá so okùn mọ́ ìbàdí rẹ̀ nínú omi tó ń sáré, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, okùn á le, omi á máa tì í, ohun méjèèjì á sì jùmọ̀ tẹ orí rẹ̀ sábẹ́ omi. Àwọn tó wà létí omi ò ní lè fà á lòdì sí agbára yẹn. Ìbá sàn kí omi gbé e lọ síbi tó ti lè di ẹ̀ka mú ju kí okùn dá a dúró sábẹ́ rẹ̀. A kì í so èèyàn mọ́ okùn nínú odò.

Mo mọ èyí náà. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ti àpáta àti ti ago 12 ààbọ̀ pẹ̀lú, mo sì ti rí ibi tí ìmọ̀ yẹn gbé mi dé. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò nínú àpò. Mo yíjú sí Bàbá ọdẹ, mo bi í sókè, lójú gbogbo wọn: “Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni igbó. Kí ni ká ṣe? Ohun tí ẹ bá sọ la ó ṣe.”

Lọ́tẹ̀ yìí kò sọ ààbọ̀. Ó ní: “Ẹ jókòó. Omi àpáta kì í sùn lójú ọ̀nà. Bí òjò bá dá, á fà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá dá, a ó sun ibí, ilẹ̀ á mọ́, a ó lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní wọ odò yìí báyìí, títí kan èmi.”

Ariwo dá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó. Bí èmi bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọn ì bá jiyàn, torí èmi ni mo sún ago síwájú, ojú wọn ló sì ṣe. Ẹnu tó yẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Láti ìgbà yẹn lọ, iṣẹ́ wa ni dídúró. Iṣẹ́ ni lóòótọ́, ó sì le. Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a gbé igi ṣóńṣó kan gún etí omi, níbi tí omi dé gẹ́lẹ́, igbákejì mi sì ń lọ wò ó ní ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó bá jókòó ti omi láìní àmì, ojú rẹ̀ á máa tàn án: bó bá ń bẹ̀rù, á ní omi ń kún, bó bá ń kánjú, á ní omi ti ń fà. Igi kì í bẹ̀rù, kì í sì í kánjú.

Bàbá kó wa lọ sábẹ́ àpáta kan tó yọ bí àjà, ó tó ìṣísẹ̀ 150 sókè odò, níbi tí omi kankan ò lè dé. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ àpáta, ojú ọlọ márùn-ún sì wà lára rẹ̀, tí wọ́n lọ̀ títí wọ́n fi jìn bí àwo ọbẹ̀. Màmá fi ọwọ́ ra inú ọ̀kan nínú wọn, ó ń dán. Ó bi Bàbá pé ta ló lò ó. Bàbá ní, “Àwọn ìyá wa. Ìgbà ogun.” A jókòó síbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ àgbàdo títí ogun fi kọjá. Mi ò mọ ohun tí àwọn yòókù rò, ṣùgbọ́n arábìnrin tó ń sunkún gbé ọwọ́ sínú ojú ọlọ kan, kò sì yọ ọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Òtútù ló kọ́kọ́ dojú kọ wá. Àwọn kan rò pé òtútù ò lè pa èèyàn nílẹ̀ wa. Aṣọ tó tutù jọwọlọ lára, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ orí òkè, máa ń fa ooru jáde lára ẹni kíákíá, ẹni tó farapa ló sì máa ń kọ́kọ́ mú. Ní ago 3 kọjá, Màmá ti ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti ń falẹ̀. A bọ́ bùláòsì tó tutù lára rẹ̀, arábìnrin méjì bò ó, wọ́n fún un ní ẹ̀wù gbígbẹ kan ṣoṣo tó wà nínú àpò mi, wọ́n wọ ọ̀rá ńlá tí a fi ń kó pàǹtí lé e, wọ́n sì jókòó tì í lápá ọ̀tún àti òsì. Bàbá já ewé gbígbẹ lábẹ́ àpáta, ó tẹ́ ẹ sí ìdí rẹ̀, torí àpáta náà tutù ju afẹ́fẹ́ lọ. A fún un ní gàrí tí a fi ṣúgà púpọ̀ sí. Nígbà tó di ago 4, gbígbọ̀n náà ti dẹwọ́, ó sì ti ń bi mí bóyá mo ti gbéyàwó.

Òjò dá ní ago 3 kọjá ìṣẹ́jú 25. Omi ṣì ń gùn lẹ́yìn náà, ó bo igi wa pátápátá, a sì gún òmíràn. Ní ago 4 ó dúró. Ní ago 4 kọjá ìṣẹ́jú 15, igbákejì mi padà wá pẹ̀lú ojú tó yàtọ̀: omi ti fi igi kejì sílẹ̀ ní ìbú ọwọ́ kan.

Níbẹ̀ la ti fẹnu kò, kí ìkánjú má baà tún wọ̀ wá lára: bí omi kò bá wá sábẹ́ orúnkún kí ago 6 tó lù, a ó sùn. Èmi, igbákejì mi àti Bàbá la fẹnu kò, a sì sọ ọ́ fún gbogbo wọn kí àsìkò tó tó. Oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí ago 6 ààbọ̀ ní àgbègbè wa lásìkò yẹn, abẹ́ igi sì máa ń ṣókùnkùn ṣáájú.

Ago 5 kọjá ìṣẹ́jú 40 ni Bàbá ní ká dìde. Kò mú wa lọ síbi tí a gbà kọjá nígbà tí à ń lọ. Ọ̀nà àtijọ́ náà gba ibi tó dín, ibi tó dín ló sì jìn. Ó mú wa gòkè díẹ̀, síbi tí odò náà ti tẹ́ lórí òkúta pẹlẹbẹ, tó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ 20, tí omi rẹ̀ kò sì ju ìdajì ojúgun lọ. A rìn ní mẹ́ta-mẹ́ta, apá kọ́ apá, a kọjú sí òkè odò, ẹni tó lágbára jù wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wa. Àpò tó ní bẹ́líìtì ìgbáyà, a tú u kí ẹni tó bá ṣubú lè bọ́ ọ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin olókùn àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé Màmá láàárín, ó fọwọ́ kọ́ wọn lọ́rùn. Ago 6 kọjá ìṣẹ́jú 5, èmi ni mo kẹ́yìn.

Tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ló wà láàárín èèyàn 15. Ìtìjú ni kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn: ọ̀sán ni mo ń retí láti fi rìn, ọ̀sán ni mo palẹ̀mọ́ fún. A ń lọ bí ìgbín. Nígbà tó di nǹkan bí ago 7 kọjá ìṣẹ́jú 15, a rí iná lábẹ́ igi, Bàbá súfèé, súfèé kan sì dá a lóhùn. Ọdẹ mẹ́rin ni baálẹ̀ rán wá. Ago 4 tí mo sọ fún un ti kọjá, ó fi wákàtí kan kún un, ní ago 5 ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n gbé ọ̀kadà méjì dé òpin ọ̀nà oko. Ọ̀kan gbé Màmá. Ago 8 kọjá ìṣẹ́jú 50 la jókòó sí ààfin baálẹ̀, wọ́n gún iyán fún wa. Lọ́jọ́ kejì, àwòrán tí wọ́n yà fún Màmá nílé ìwòsàn fi hàn pé egungun rẹ̀ kò ṣẹ́.

Ohun tí mo ti yí padà látìgbà náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi ọ̀kankan ṣeré. Tọ́ọ̀ṣì kan, ẹ̀wù gbígbẹ kan àti ọ̀rá ńlá kan di ti olúkúlùkù, bó tiẹ̀ jẹ́ ìrìn wákàtí mẹ́ta. Etí odò èyíkéyìí tí a bá là kọjá lówùúrọ̀, a ń gún igi àmì síbẹ̀. Bí a bá pẹ́ gbéra, ibi tí à ń lọ ló ń kúrú. Ago ìpadà kì í yẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sì ń di ago náà mú mọ́, igbákejì mi ni, torí ẹni tó gba owó lọ́wọ́ àlejò ni ojú àlejò ń tètè ṣe.

Èyí tó kù ni mo kà sí pàtàkì jù. Kí a tó kúrò ní ìlú, mo máa ń mú àgbà ọdẹ wá síwájú gbogbo àlejò, mo sì ń bi í sókè: kí lẹ máa rí tí ẹ ó fi sọ pé ká padà? Ó máa ń dárúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ń sọ fún àwọn àlejò pé bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Bàbá, ìrìn parí síbẹ̀, kò sí àpérò. Ọ̀rọ̀ yẹn ń mú àṣẹ kúrò lọ́wọ́ mi, ó sì ń gbé ìtìjú kúrò lọ́rùn àgbà. Kò ní í ṣe àrífín sí ẹni tó ni àlejò mọ́. Àwa la ti bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́.

Oṣù Kẹwàá la tún lọ, Bàbá kan náà, èèyàn 9. Ìbẹ̀rẹ̀ ahoro la wà, ago 10 ààbọ̀ àárọ̀, a tètè gbéra. Ó dúró, ó gbójú sókè sí ìlà-oòrùn, ó sì sọ ọ́. Mo yíjú padà, mo kéde. Àwọn kan kùn. Ẹnì kan ní òun wá láti Abúja nítorí omi náà, ó sì bi mí pé ṣé nítorí ìkùukùu lásán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A jókòó sábẹ́ igi ìyeyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ahoro, a jẹ àkàrà wa, a sì sọ̀ kalẹ̀. Títí a fi dé ìlú, títí wọ́n fi wọ bọ́ọ̀sì lọ, òjò kò rọ̀. Mo dá ìdajì owó wọn padà fún wọn.